Ọ̀nà Ọwọ́ Màmá Lára Ògiri

Gbogbo àwa tí a dàgbà sí ilé wa ní Ayétòrò la ní àpá ní ìgúnpá. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun bá wa ṣeré nígbà èwe, ẹ ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Bí awọ ìgúnpá rẹ̀ bá ń dán, irọ́ ló ń pa. Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kì í dá ẹni tó bá ń sáré sí. Ó máa ń ha ènìyàn bí irin tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ti ha wá, Màmá á fi òrí kùn ún, á sì fi ìbínú lé e: "Mo ní kí ẹ máa rìn, ẹ ní eré lẹ fẹ́ sá. Ó yá, ẹ tún sá a."

Bàbá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ògiri náà. Àgbẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo rẹ̀ wà lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn, díẹ̀díẹ̀ ló sì fi kọ́ ilé náà. Bíríkìlà tó bá a rẹ́ inú ilé kò mọ okùn ta dáadáa. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọ ikùn síhìn-ín, ó jìn kòtò sọ́hùn-ún. Bàbá kò lè wó o. Ó ti rí i nílé àwọn olówó kan ní Ìlaró pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan fọ́n sìmẹ́ńtì sára ògiri kó lè rí ṣákiṣàki, kí ojú má sì mọ ibi tó wọ́. Bàbá kò ní ẹ̀rọ. Ìgbálẹ̀ ló rà.

Mo rántí rẹ̀ dáadáa nítorí pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí tí mo ń wò ó. Ó po sìmẹ́ńtì mọ́ iyanrìn odò tó ti jọ̀, ó bu omi sí i títí ó fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ó ti orí ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, ó na ìgbálẹ̀ náà sí ògiri, ó wá ń fi igi gbá a. Ẹ̀kán sìmẹ́ńtì ń fò, ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri: tà, tà, tà. Láti pálọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ó parí, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí ti arúgbó, bẹ́ẹ̀ kò tíì dàgbà nígbà náà.

Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà nígbà tó gbẹ, ó sì yára fà á padà.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ilé lẹ kọ́ ni, àbí ẹ gbin ẹ̀gún?"

Bàbá ní, "Ẹni tí kò bá fẹ́ kó gún òun, kó máa rìn láàárín."

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín. Títí di òní, bí mo bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹlòmíràn, apá mi máa ń sún mọ́ ìhà mi fúnra rẹ̀.

Télọ̀ ni mí, Ìlaró ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìbínú ló sọ mí di ẹni tó ń rẹ́ ògiri. Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo ní kí akunlé kan bá mi sọ ògiri inú rẹ̀ di jíjọ̀lọ̀ kí n tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé. Ó ṣe é, ó lọ. Mo tan iná. Ìlà tírówẹ̀lì ni mo rí lára ògiri láti òkè dé ilẹ̀, ó rí bí aṣọ tí wọ́n sùn lé lórí. Mo pè é padà.

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Màdáámù yìí náà! Aṣọ ni àwọn oníbàárà yín ń bọ̀ wá wò. Ta ló fẹ́ wo ògiri?"

"Èmi ni. Iwájú rẹ̀ ni màá jókòó sí láti àárọ̀."

"Ẹ rán aṣọ fún un nígbà náà. Ṣebí iṣẹ́ yín ni."

Lọ́jọ́ kejì mo ra síkírépà tèmi, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Mo wo fídíò lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: kékeré níbí, kékeré lọ́hùn-ún, èyí tí mo fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀mù sí púpọ̀, èyí tí mo fi díẹ̀ sí. Mo rí i pé iṣẹ́ yẹn kò jìnnà sí tèmi. Kì í ṣe ohun tí a fi kùn ún gbẹ̀yìn ló ń mú ògiri jọ̀lọ̀. Ìpele abẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ pé gọ́ọ̀mùsítéè tí ẹnikẹ́ni kò rí ló ń mú kọ́là dúró. Bí abẹ́ bá ní eruku, òkè á ṣí. Bí abẹ́ bá gbẹ jù, á fa omi òkè mu, òkè á sán. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ògiri lómi mu kí ẹ tó fi ohunkóhun kàn án.

Bíríkìlà kan tó máa ń ti Pọ̀bẹ̀ sọdá bọ́dà wá ṣiṣẹ́ nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́ mi ní èyí tí kò sí nínú fídíò kankan. Ó ń pe ìpele òkè ní ọndúì, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Ó gba síkírépà lọ́wọ́ mi, ó fà á lára ògiri lẹ́ẹ̀kan. "Aǹtí, ẹ fetí sí i. Bó bá ń sọ pé ṣọ̀ọ̀, ẹ má tíì yọ ọ́ lẹ́nu, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá ti sọ pé ṣíín, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́ dán." Láti ìgbà náà ni mo ti ń pa rédíò bí mo bá ń rẹ́ ògiri. Mo fi ojú ṣe aṣọ, mo fi etí ṣe ògiri. Ṣọ́ọ̀bù mi wá dán débi pé àwọn oníbàárà mi a máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Mo rẹ́ ilé tèmi. Mo rẹ́ yàrá àwọn ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n fẹ́, bí wọn kò fẹ́.

Ilé Bàbá nìkan ni n kò fọwọ́ kàn. Bàbá ti kú nígbà yẹn. Màmá nìkan ló ń gbé ibẹ̀, kò sì ráhùn nípa ògiri mọ́.

Ojú Màmá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ń kó bọ̀ láàárín, bí ìgbà tí a bá ń fa okùn ẹnu àpò. Àwọn dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà wá, àwọn yóò kàn máa fi oògùn kíkán dá èyí tó kù dúró. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù fún un báyìí: ó mọ̀ pé fèrèsé wà níbí, ó mọ̀ pé ènìyàn kọjá. Síbẹ̀ ó ń dá nǹkan rẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin aládùúgbò kan máa ń wá bá a dáná, á sì lọ. Ohun tí Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe ni àlùwàlá àsùbáà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á jáde ní yàrá rẹ̀, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ àti ti ilé ìdáná, á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á gbé búútà omi rẹ̀. Bí mo bá sùn síbẹ̀, ìró búútà yẹn ló máa ń jí mi, bó ṣe ń jí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Lẹ́yìn náà ni apá rẹ̀ gbọgbẹ́. Ògiri ló ha á. Awọ àgbà kò nípọn, Màmá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, ọgbẹ́ tí ì bá jinná kíákíá kọ̀, ó kẹ̀, ó wú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Abẹ́òkúta wá, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi jinná. Nígbà tó padà sí Abẹ́òkúta, ó pè mí lórí fóònù.

"Ṣé o rí apá Màmá?"

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Ògiri Bàbá yẹn ni. Gbogbo wa ló ti gé jẹ tán, ó tún ku Màmá. Bó bá tún ha wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, mò ń bọ̀ wá kó wọn wá sọ́dọ̀ mi níbí."

"Wọn ò ní gbà o."

"Ta ló ń bi wọ́n? Ìwọ tó o sọ pé o mọ ògiri rẹ́, kí lò ń wò? Ara ògiri ilé onílé lo ti ń ṣe gbajúmọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Mo sọ ọ́ fún Màmá. Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi ti ń wá.

"Abẹ́òkúta kẹ̀? Wọ́n á gbé mi sórí àga, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n fún mi. Tẹlifíṣọ̀n, fún ẹni tí kò ríran! Bí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, màá máa pe ọmọ ọlọ́mọ kó wá fà mí lọ́wọ́. Télọ̀, bá mi rẹ́ ògiri náà kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè jẹ́ kí n sinmi."

Télọ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti parí iṣẹ́ kíkọ́.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo kó irinṣẹ́ mi lọ sí Ayétòrò. Pálọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ha ẹnu ṣóńṣó sìmẹ́ńtì Bàbá kúrò. Wọ́n ń já bọ́, wọ́n ń dún bí gààrí tí a dà sínú agbada. Eruku náà ní òórùn kan tí mo mọ̀, òórùn ọjọ́ tí Bàbá ń gbá ìgbálẹ̀ yẹn gan-an. Mo gbá ògiri, mo fi omi wẹ̀ ẹ́, mo fi lẹ́ẹ̀mù funfun tí mo fi omi là kùn ún. Mo wá po sìmẹ́ńtì funfun mọ́ pí-ó-pí, ìwọ̀nba tí mo lè lò kó tó le, nítorí pí-ó-pí kì í dúró de ẹni tó ń tàkúrọ̀sọ. Ìpele àkọ́kọ́ dí kòtò. Ìpele kejì fẹ́lẹ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbà á kọjá, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti iwájú a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ ló ń tú àṣírí. Ibi tí òjìji bá jókòó sí, ibẹ̀ ni mo fi sánpépà lọ̀. Ní ìpele òkè, mo fi àwọ̀ díẹ̀ sí i, bí àwọ̀ ẹ̀wà pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sómi, mo fi síkírépà tẹ̀ ẹ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà kó lè rí bí òkúta dídán. Ṣíín. Ṣíín. Nígbà tó gbẹ, mo lè rí òjìji ara mi nínú rẹ̀.

Mo ń nu irinṣẹ́ mi nígbà tí Màmá jáde ní yàrá rẹ̀, tó ń bọ̀ wá jókòó sórí àga rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ògiri. Ọwọ́ náà yọ̀. Ó tún nà á. Ó dúró.

"Ta ló gbé mi wá síbí?"

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. "Ó dán, àbí?"

"Mo ní níbo nìyí?"

Mo wá wo ojú rẹ̀. Ó dúró sí àárín pálọ̀ tirẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ sí ìlú àjèjì. Mo fà á lọ́wọ́ dé ìdí àga, ó sì jẹ́ kí n fà á. Èyí ló dùn mí jù, pé ó jẹ́ kí n fà á.

Nígbà tó jókòó tán ló ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìgbálẹ̀ tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kán rẹ̀ kéékèèké, ó sún mọ́ra. Bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbó, ẹ̀kán ń tóbi sí i. Nítòsí ilé ìwẹ̀ ó ti dà bí èso àgbàdo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ìgbálẹ̀ ti kán, Bàbá sì ń fi ọwọ́ sọ sìmẹ́ńtì mọ́ ògiri nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. "Bí mo bá ti gbé ọwọ́ lé e, mo mọ ibi tí mo dé. Ibi tó ti rẹ Bàbá yín tán pátápátá, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Kò burú. Pálọ̀ kékeré ni, màá fi ẹsẹ̀ wá àga. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń rò."

Èmi náà, òun ni mo ń rò. Bí mo bá rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe rẹ́ pálọ̀, Màmá kò ní lè dá lọ ṣe àlùwàlá mọ́, Ẹ̀gbọ́n á sì kó o lọ. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ògiri á tún ha á, Ẹ̀gbọ́n á sì kó o lọ náà ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, mo ń wo ògiri mi tó ń dán.

Lẹ́yìn tí ó jẹun tán, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa agbo ilé bàbá rẹ̀ ní ìhà Afọ̀n. Kò sọ ọ́ láti yanjú ohunkóhun, ògiri ló ń rán an létí ògiri. Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn obìnrin ilé a kó ara wọn jọ láti rẹ́ ilé. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ, wọ́n á fi òkúta odò dán an, wọ́n á wá fi omi tí wọ́n fi se èèpo èso igi irú pa á lára kí òjò má lè jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá wá dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ìyàwó kọ̀ọ̀kan á fi àmì tirẹ̀ sí i nígbà tó ṣì tutù.

"Ìyá mi a máa fi ìka mẹ́ta fa tirẹ̀, bí omi tó ń ṣàn. Ìyálé rẹ̀ a máa yí ṣùkù àgbàdo lé tirẹ̀ lórí. Ìyàwó kékeré, òòyà ló ń fi ya tirẹ̀, ọ̀ṣọ́ ló fẹ́."

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Kò sí iná nígbà náà. Bí o bá jáde lóru, ọwọ́ rẹ ló máa sọ fún ọ pé yàrá ìyá rẹ nìyí." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àti kí ọkọ má baà sọ pé òun ṣì yàrá wọ̀."

Mo ti dìde kó tó rẹ́rìn-ín tán.

Ilẹ̀ pupa ni mo lọ gbẹ́ lóko Bàbá, lábẹ́ ibi tí gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kò dé, nítorí ilẹ̀ òkè ní ìdọ̀tí nínú. Ọlọ́kadà tó bá mi gbé e ní, "Aǹtí, ṣé ilẹ̀ ti tán ní Ayétòrò ni?" Mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi asẹ́ gààrí sẹ́ ẹ, mo tún fi gígé ṣífọ́ọ̀nù tó kù nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sẹ́ èyí tí mo fẹ́ lò fún ìpele òkè. Ilẹ̀ nìkan a máa sán bó bá gbẹ, nítorí náà mo dán an wò lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo ń fi iyanrìn kún un títí ó fi dẹ́kun sísán. Dípò ìgbẹ́ màlúù, mo se sítáàṣì ẹ̀gẹ́, èyí tí mo ti ń fi mú gèlè le láti ọjọ́ pípẹ́, mo dà á sí i. Ó lẹ̀. Ó fà bí ọ̀rá. Kò jó ọwọ́ bíi sìmẹ́ńtì, bó bá sì gbẹ tí a fi òkúta dán an, á jọ̀lọ̀ bí ẹ̀yìn ìgò, ṣùgbọ́n kò ní tutù bí ògiri pálọ̀. Ó dà bí ara ènìyàn.

Mo ha ẹ̀gún Bàbá kúrò lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Mo fi ìpele àkọ́kọ́ sí i pẹ̀lú koríko gígé nínú. Ọjọ́ tí mo fi ìpele òkè sí i, tí ògiri náà ṣì ń dán fún omi, ni mọ́tò dúró níta. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Àpótí aṣọ ńlá kan ló ń fà tẹ̀ lé ara rẹ̀, ó fúyẹ́, ó ń fò lórí ilẹ̀. Òfìfo ni. Aṣọ Màmá ló fẹ́ kó sínú rẹ̀, kò dúró kí ògiri tún ha á mọ́.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹrẹ̀ nìyí?"

"Ilẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo sẹ́ ẹ."

"Gbogbo ayé ń kúrò nílé ẹlẹ́rẹ̀, ìwọ kó Màmá padà sínú rẹ̀. Ó ti tán. Màmá, ẹ jẹ́ ká máa di ẹrù."

Màmá wà lórí àpótí ìjókòó tí mo gbé fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ kú ilé là ń kọ́kọ́ kí ara wa. Ṣé dáadáa lo dé?"

"Dáadáa ni, Màmá. Ẹ má bínú." Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ kí i. Bó ṣe ń dìde ló rí i pé Màmá fẹ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ tútù náà. "Ọwọ́ lásán kẹ̀? Pẹ̀lú ṣúgà yín? Ó kéré tán, ẹ wọ ibọ̀wọ́."

"Ṣé o fẹ́ dì mí lójú ni?" Màmá na ọwọ́ sí mi. "Télọ̀, ibo ni ilé ìwẹ̀ wà?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ògiri, ní gíga èjìká rẹ̀, kí ó tó kan férémù ilẹ̀kùn. Ó wá fi ìka mẹ́ta fà á, láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n díẹ̀ bí omi ṣe ń gbọ̀n. Ọwọ́ náà kò ṣe bí ọwọ́ ẹni tí kò ríran. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó gba ṣùkù àgbàdo lọ́wọ́ mi, ó yí i lé ògiri títí ojú rẹ̀ fi rí bí afárá oyin. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo na òòyà sí i.

"Òòyà kẹ̀? Ti ìyàwó kékeré nìyẹn." Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bá mi bu sìmẹ́ńtì Bàbá yín tó o ha dànù wá."

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ wá. Ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yan àwọn tí ẹnu wọn ti kú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n sínú ilẹ̀ tútù náà títí orí wọn nìkan fi kù níta. Ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó, òun náà ń bá a ṣà á. Mo rí ìgúnpá rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ síwájú. Àpá tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹni tí ń fi ojú ẹlòmíràn ríran. Ó ní òun kò lọ títí ògiri náà á fi gbẹ, títí òun á fi rí i pé Màmá lè rìn ín. A dúró. Mo ń fi òkúta odò dán an bí ó ṣe ń gbẹ, ilẹ̀ pupa ń ṣá díẹ̀díẹ̀, ó ń di àwọ̀ èèpo ẹ̀pà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ó gbẹ tán, a gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí. Ẹ̀gbọ́n yọ bàtà, ó ń yọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Èmi dúró lẹ́nu pálọ̀. Ọwọ́ Màmá ń gba ara ògiri kọjá, ìró rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí a bá ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kí a tó gé e. Ó dé ibi ìka mẹ́ta. Ó kọjá. Ó dé ibi ṣùkù àgbàdo, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó kọjá.

Láì wẹ̀yìn ló ní, "Ìwọ tó ò ń tẹ̀ lé mi, kí lo fẹ́ gbà mú?"

Ẹ̀gbọ́n sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Màmá dé ibi sìmẹ́ńtì Bàbá. Ó gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e, kò sì yára fà á padà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn. A gbọ́ ìró búútà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹ̀gbọ́n ní òun náà fẹ́ dán an wò. Ó fi gèlè di ojú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó ń lọ pẹ̀lú ìdánilójú, ó sì kọ lu ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó wọlé tààrà. Màmá gbọ́ ìró ike omi tó ṣubú.

"Níbo lẹ dé, ìyàwó?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni, Màmá."

"Ẹ kú ìwẹ̀ o."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n. Bóyá ẹ̀rín nìkan kọ́. Ní ọ̀sán, mo bá a gbé àpótí aṣọ náà jáde sí mọ́tò. Gààrí ló kún inú rẹ̀, Màmá ló ní kí a bù ú, ó wúwo débi pé èmi àti awakọ̀ la jọ gbé e. Kí Ẹ̀gbọ́n tó wọ mọ́tò, ó padà wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka pa àmì ìka mẹ́ta náà lára, ó wá jáde, ó ní kí n wá bá òun wo ògiri pálọ̀ òun ní Abẹ́òkúta bí àyè bá gbà mí.

Èmi náà palẹ̀ mọ́. Mo ń fọ síkírépà lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ọwọ́ Màmá tó ń padà bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ gbà á kọjá.

"Télọ̀! Ta ló rẹ́ ibí yìí?"

Mo yọjú. Àárín ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná ló wà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, n kò rí òjìji kankan. Mo fi ọwọ́ tèmi pa á. Nígbà náà ni mo tó mọ̀ ọ́n lára, wíwú kékeré kan tí kò ga ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

"Èmi ni, Màmá."

"Mo mọ̀," ó ní. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì tìrẹ ni."